Orúkọ Tí Ó Wà Lára Àwòrán

Bí ẹ bá rí orúkọ kan ní ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ni ẹ ó rò? Ẹ ó ní ẹni náà ni ó yà á. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi gègé àti tàdáwà ya ohun tí wọ́n ní lọ́kàn sórí bébà kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà sára ògiri tàbí pátákó. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ orúkọ sí irú bébà bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sí i fún? Ohun èlò iṣẹ́ lásán ni. Nígbà tí wọ́n kú tán, àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí rà wọ́n jọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Giorgio Vasari, ará Ítálì, tí ó kú ní 1574, lẹ àwọn tirẹ̀ mọ́ ojú ìwé ńlá. Ó ya férémù yí wọn ká, ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbà pé ó yà wọ́n. Ó kọ Cimabue sí ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ òde òní ní ẹlòmíràn tí ó wá lẹ́yìn Cimabue ni ó yà á.

Peter Paul Rubens (1577–1640) ní tirẹ̀ máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì, a fi tàdáwà àti ọ̀dà funfun tún àwòrán ẹlòmíràn ṣe. Ọ̀gá ni òun náà, a kò dá a lẹ́bi púpọ̀.

Ti Pierre-Jean Mariette, oníṣòwò àwòrán ní Paris (1694–1774), ni ó yà wá lẹ́nu jù. Bí àwòrán bá wà níwájú àti lẹ́yìn bébà kan, ó lè la bébà náà sí méjì, bí ẹni ń bó èèpo àlùbọ́sà! Ẹ fọwọ́ kan bébà tí ẹ ń kà yìí, kí ẹ wo bí ó ti fẹ́lẹ́ tó. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ayé ìgbà náà, ó sì lágbára. Lẹ́yìn náà ni yóò lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí aláwọ̀ búlúù. Bí àwòrán bá kéré jù, ó lè fi bébà kún un, kí ó sì ya ìyókù.

Ní Jámánì, A ńlá tí D kékeré wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àmì Albrecht Dürer (1471–1528). Àwọn kan kọ ọ́ sára àwòrán Hans von Kulmbach, nítorí pé orúkọ ńlá ní ń mú owó ńlá wá. Èyí burú lójú wa. Kulmbach ṣiṣẹ́, Dürer gba ìyìn.

Òǹtẹ̀ tún wà. Nígbà tí Peter Lely kú ní 1680 ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tẹ PL sára àwọn àwòrán tí ó kó jọ kí wọ́n tó tà wọ́n. PL sọ ẹni tí ó ni ín, kò sọ ẹni tí ó yà á. Ní 1921, Frits Lugt, ará Họ́lándì, kó irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan.

Lónìí, wọ́n ní iná kan tí ó lè mú kí tàdáwà tí ó ti ṣá tún hàn. Bí wọ́n bá sì rí i pé orúkọ kan kò tọ́, wọn kì í pa á rẹ́. Wọ́n a fi í sílẹ̀ lára páálí, wọ́n a kọ èyí tuntun sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn.