Ẹ Ṣọ́ra fún Oògùn Ara Ríro

Ta ni orí kì í fọ́? Ta ni ẹ̀yìn kì í ro nígbà tí ó bá ti oko dé? Bí ara bá ń ro wá, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ sí ilé ìwòsàn. A máa ń ra hóró oògùn méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, a ó fi omi gbé e mì, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà pàápàá ń ṣe é. Àwọn olùwádìí ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn léèrè ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ mìíràn. Oògùn ara ríro wà lára àwọn oògùn tí wọ́n máa ń dá lò jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan

Kodjoviakopé jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Lomé, ní ilẹ̀ Tógò. Ó wà létí òkun, ó sì fara kan ẹnubodè ilẹ̀ Gánà. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì ń kiri oògùn bí ẹni ń kiri búrẹ́dì.

Ní àdúgbò yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba yàrá sí. Ọmọ Atakpamé ni, níbi tí àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò ń gbé. Ó wà ní ọdún kẹrin ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Lóru, ó ń kàwé títí àkùkọ yóò fi kọ. Láàárọ̀, ó ń gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, lọ sí ẹ̀kọ́. Kì í jẹun kí ó tó jáde.

Nígbà tí ìdánwò ń sún mọ́lé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ra ibuprofen lọ́wọ́ obìnrin tí ń kiri. Ó lo hóró kan, ara sì tù ú. Nígbà tí ó yá, hóró kan kò tó mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá. Kò sí ọjọ́ tí kò lo oògùn, kò sì sí òwúrọ̀ tí orí kò fọ́ ọ.

Ìyá aláṣọ kan, ọmọ Yorùbá, ń gbé nínú agbo ilé kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọmọ náà tí ó fara ti ògiri, tí òógùn bò ó.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Inú ló ń ta mí díẹ̀. Mo ti lo oògùn."

"Ta ni ó ní kí o lò ó?"

"Èmi fúnra mi ni. Ẹ má fòyà, Ìyá. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo ń kọ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí ó ti kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin péré, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìyá aláṣọ kò jẹ́ kí ó padà wọlé. Ó pe takisí, ó sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà rí i pé oògùn náà ti dá ọgbẹ́ sí i nínú ikùn, ọgbẹ́ náà sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kò lè ṣe ìdánwò náà mọ́, ṣùgbọ́n ó yè. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó nílò awò ojú. Àìsùn àti oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́ ni ó dá kún orí fífọ́ náà.

Kí ni a rí kọ́?

Ìrora dà bí ajá tí ń gbó lóru. Ẹni tí ó bá pa ajá náà yóò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò lé olè lọ. Oògùn ara ríro lè mú kí ara tù wá, kí ibà tàbí àrùn mìíràn sì máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ orúkọ oògùn, ó mọ ewu rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò bá a wo ara rẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

1. Hóró paracetamol kan sábà máa ń jẹ́ 500 mílígíráàmù. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó lò ó jù lè má mọ nǹkan kan lára lọ́jọ́ kìíní. Ẹ má dúró wò ó. Oògùn tí ń pa oró rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí a bá tètè lò ó, kí wákàtí 8 tó kọjá.
2. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Aláboyún àti ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ dá wọn lò. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.
3. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn orí fífọ́ fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà lè di ohun tí ń fọ́ ọ lórí.
4. Àwọn kan ń lo tramadol kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ oko pẹ́. Oògùn yìí ń di bárakú. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró.

Oògùn tí oòrùn ń pa lójú ọ̀nà lè ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kan pé jọ sí Lomé nítorí ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn yìí gan-an.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

- Ẹ jẹun, ẹ mu omi, ẹ sinmi, kí ẹ tó ronú kan oògùn.
- Ilé oògùn ni kí ẹ ti ra oògùn. Ẹ béèrè iye tí ẹ ó lò àti ọjọ́ tí ẹ ó fi lò ó.
- Bí ìrora bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.
- Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀, bí ojú bá pọ́n bí àyìnrín, tàbí bí orí bá ń fọ́ tí ọrùn sì le gan, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó dé tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú?
2. Hóró paracetamol mélòó ni àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24?
3. Oògùn ara ríro wo ni ó wà nílé yín? Ta ni ó ní kí ẹ lò ó? Ẹ jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín.