Singapore Kì í Ṣe Ìlú Òyìnbó

Kí ẹnì kan ṣáà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ohun tí a ó sọ nípa rẹ̀ ni pé, "Ó ti lọ sílùú òyìnbó." Ì báà ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló lọ, ì báà ṣe Dubai tàbí Singapore, orúkọ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu wa. Tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ló mọ sí, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ìwé ìròyìn, ó ti wọ ètò orí rédíò, àwọn tó sì lọ gbafẹ́ ní Éṣíà ń fi í ròyìn ohun tí wọ́n rí. Singapore ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ìlú náà ń dán èdè ẹni tó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ wò gan-an.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ń gbé Singapore? Nínú ọmọ onílùú mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló jẹ́ ìran Ṣáínà. Àwọn Malay ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ìran Íńdíà, tí Tamil pọ̀ jù nínú wọn. Èdè mẹ́rin ni òfin fọwọ́ sí: Malay, Mandarin, Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì. Malay ni wọ́n fi ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Níbo ni òyìnbó wà nínú èyí? Òótọ́ ni pé Stamford Raffles, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1819, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣàkóso ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan náà ló ṣàkóso wa. Bí ìṣàkóso òyìnbó bá tó láti sọ ìlú kan di ìlú òyìnbó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà ti di ìlú òyìnbó nìyẹn.

Kí ni ká wá máa wí? "Òkè òkun" dára, "ilẹ̀ òkèèrè" dára. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "ẹ̀yìn odi," ọ̀rọ̀ àwọn baba wa nígbà tí ìlú ṣì ní odi yí i ká. Ó kàn ń sọ pé ẹni náà ti kúrò nílé ni, kò sọ ohunkóhun nípa àwọ̀ ẹni tó lọ bá. Ẹ má fi "ìdálẹ̀" rọ́pò rẹ̀ o. Ẹni tó lọ ṣiṣẹ́, tó lọ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ni ìdálẹ̀ bá mu. Ẹni tó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan, tó ya fọ́tò tó sì padà, kò sí ní ìdálẹ̀. Arìnrìn-àjò afẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ "ìlú" gan-an ṣiṣẹ́ fún Singapore ju bí a ti rò lọ. Láti 9 Oṣù Kẹjọ 1965 tó ti yà kúrò lára Màléṣíà, ìlú ńlá kan ṣoṣo yìí náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, "city-state," kí wọ́n tó lè pè é lórúkọ. Lédè tiwa, ìlú tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ kò ṣàjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàyè rí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú wa rí. Ẹ kọ "ìlú Singapore," ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò ló gba sùúrù jù. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ yóò lọ sí Chinatown, yóò lọ sí Little India, yóò lọ sí Kampong Glam níbi tí mọ́ṣáláṣí Sultan olórùlé wúrà wà. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan pe gbogbo wọn ní "Sábó." Èrò rẹ̀ yé mi. Sábó ni a ń pe ibi tí àwọn Hausa tẹ̀dó sí ní Ìbàdàn, ní Ṣàgámù àti níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ní 1822 Raffles pàṣẹ kí wọ́n pín ìlú tuntun náà ní ìran-ìran, kí olúkúlùkù mọ ibi tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtàn ayé ìgbà náà lẹ ń kọ, mo gba Sábó wọlé. Fún òde òní, kò tọ̀nà. Little India kò tilẹ̀ sí nínú ètò Raffles; òwò màlúù wà lára ohun tó kó àwọn ará Íńdíà jọ sí òpópónà Serangoon lẹ́yìn náà, títí di òní ni òpópónà kan níbẹ̀ sì ń jẹ́ Buffalo Road. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé tí ìjọba kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ìlú ń gbé, láti 1989 sì ni òfin ti fi gbèdéke sí iye ìran kọ̀ọ̀kan tó lè gbé inú ilé kan. Malay àti Tamil àti Ṣáínà ń pàdé lórí àkàsọ̀ kan náà láràárọ̀. "Àdúgbò" ni kí ẹ pe Chinatown.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ pé àwọn ìran wọ̀nyí ti "dàpọ̀." Ohun tó bá dàpọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Wọn ò dàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé pọ̀, olúkúlùkù sì di èdè àti ọdún tirẹ̀ mú. "Àjùmọ̀gbé" ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ sì yéé pe àwọn Ṣáínà ibẹ̀ ní "àtọ̀húnrìnwá." Lóòótọ́, òfin wọn ka Malay sí onílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí baba rẹ̀ àti baba-baba rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ìlú ni. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dunni. Ẹ bi ẹni tí wọ́n ti pè bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà gba ìṣọ́ra. Ní òpópónà South Bridge, ní àárín Chinatown, tẹ́ńpìlì Sri Mariamman wà níbẹ̀ láti 1827, ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Mọ́ṣáláṣí Jamae kò jìnnà sí i rárá. Nínú ìròyìn tí a ń kọ, ibí ni "abọgibọ̀pẹ̀" àti "kèfèrí" ti máa ń yọjú, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Èébú ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. "Ilé ìsìn" wà, "tẹ́ńpìlì" wà. Bí ẹ bá pe Mariamman ní òrìṣà, ẹ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí pé wọ́n ń ké pè é nígbà àìsàn olóde kí ẹ wá pè é ní Ṣànpọ̀nná. Orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àmì ohùn, ojú ọjọ́ Singapore ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà 137 péré ni Singapore fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ó sún mọ́ ọn ju Èkó lọ fíìfíì. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ yíká ọdún, kò sí ọyẹ́, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn gidi, nítorí náà ẹni tó bá lọ ní Oṣù Keje kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn" lòun lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí yóò lò láàárín ọjọ́ kan, tí àìfàmì-sí-ọ̀rọ̀ sì lè dà rú mọ́ òǹkàwé lójú. Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan: "Ooru mú, oòrùn ń ràn, òórùn durian gbalé, mi ò rí oorun sùn." Ooru tó ń mú ara gbóná, re re re. Oòrùn ojú ọ̀run, re dò dò. Òórùn tí imú ń gbọ́, dò mí dò. Oorun tí à ń sùn, re re re. Ẹ yọ àmì kúrò, kí ẹ wá wo bí mẹ́ta nínú wọn ṣe di ọ̀kan náà lórí ìwé.

Èso durian náà fẹ́ ká ṣọ́ ọ̀rọ̀ wa. Òórùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wọn. Síbẹ̀ "òórùn" fúnra rẹ̀ kò burú, kò sì dára. Òórùn dídùn wà, òórùn burúkú wà. "Rùn" ló ń bú nǹkan, "ta sánsán" ló ń yìn ín. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "durian ń rùn" ti dá ẹjọ́ fún èso tí àwọn onílé fẹ́ràn gidigidi. Bí ẹ kò bá fẹ́ dá ẹjọ́, "òórùn rẹ̀ le" ni kí ẹ kọ.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ní Singapore, wọn kì í pe àgbàlagbà tí wọn ò mọ̀ rí lórúkọ. Uncle àti Auntie ni, tàbí Pakcik àti Makcik láàárín àwọn Malay. Ẹni tó ń ròyìn fún wa á wá kọ ọ́ pé, "Ìyá àgbà tó ń ta kọfí rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí pé..." Kí ló dé tí ìyá àgbà di "ó"? Yorùbá lẹ fi ń kọ̀wé, òfin Yorùbá ló de yín: "Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bi mí." Wíwà tí wọ́n wà lẹ́yìn odi kò sọ wọ́n di ẹgbẹ́ yín.

Kọfí yẹn náà lédè tirẹ̀. "Kopi o kosong" ni ẹ ó sọ bí ẹ kò bá fẹ́ wàrà àti ṣúgà: Malay ni "kopi," Hokkien ti Ṣáínà ni "o," ìyẹn dúdú, Malay sì tún ni "kosong," ìyẹn òfìfo.

Ó ku ibi tí wọ́n ti ń tà á. Láyé àtijọ́ ojú títì ni wọ́n ti ń kiri oúnjẹ, kí ìjọba tó kó wọn sábẹ́ òrùlé ńláńlá ní àwọn ọdún 1970 sí 1980. Olóúnjẹ Malay, ti Tamil, ti Ṣáínà, gbogbo wọn wà níbi kan náà, UNESCO sì kọ àṣà náà mọ́ ogún aráyé ní 2020. Bí ẹ bá rí ìdì tíṣù lórí tábìlì níbẹ̀, ẹ má jókòó. Ẹnì kan ti fi gba àyè sílẹ̀ ni. Àwọn kan ń pe ibẹ̀ ní "ọjà àwọn akiri," èyí tí kò tọ̀nà, nítorí wọn ò kiri mọ́. "Búkà" kéré jù fún un. "Ọjà olóúnjẹ" ni èmi ń lò báyìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ lẹ́nu, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ká lè gbé e jáde kí àwọn akọ̀ròyìn máa lò ó.