Ta Ni Ó Yẹ Kó San Owó Ọ̀nà Olùbẹ̀wò?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, ṣùgbọ́n tí a kì í kọ sínú ìwé. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, ta ni ó yẹ kó san owó ọkọ̀ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ibi tí yóò sùn? Kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ náà sókè ní ìpàdé, kí ẹ sì jíròrò lórí àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

1. Ohun tí òfin sọ

Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ìwádìí tí Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland ṣe fún ìjọba. Òfin ti ọdún 1993 ní kí ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, tàbí kí ó rán ẹni tí yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Olùbẹ̀wò kì í ṣe àlejò tí ẹgbẹ́ pè wá sí àsè. Ìjọba ló rán an. Àwọn àgbà sì ní, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún.

2. Owó tí ìjọba ń san

Òṣìṣẹ́ tí ìjọba bá rán kúrò ní ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àwọn owó wọ̀nyí:

(a) Owó ìrìnnà. Èyí ni owó ọkọ̀, tàbí iye kan lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan bí ó bá lo ọkọ̀ ara rẹ̀.

(b) Owó oúnjẹ àti ibùsùn. Iye òru tí ó fi sùn sóde ni a fi ń ṣírò rẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí ipò òṣìṣẹ́ bá ṣe ga tó.

(d) Owó ìṣípòpadà. Èyí wà fún ẹni tí a gbé lọ sí ìlú mìíràn láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìrìnàjò náà kí ó tó lọ. Bí ó bá gba owó ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ jíhìn rẹ̀ bí ó bá ti padà dé. Bí kò bá jíhìn, a lè yọ owó náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

3. Ibi tí wàhálà wà

Òótọ́ kò ṣeé fi pa mọ́: owó yìí kì í sábà tètè jáde, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ jáde rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjọba àpapọ̀ fi kún ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò. Ní Èkó, lítà epo bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bí ₦190 sí nǹkan bí ₦490. Ọ̀nà oko kò sì súnmọ́ ìlú sí i.

Olùbẹ̀wò tí owó kò dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè fi owó oṣù rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó lè jókòó sí ọfíìsì, kí ìwé yín wà láìyẹ̀wò fún ọdún méjì. Tàbí kí ó wá, kí ó sì máa retí pé ẹgbẹ́ yóò “fún òun ní owó epo.”

4. Kí ló burú nínú owó epo?

Ẹnìkan yóò sọ pé, “Ṣé a ò ní ṣe àlejò ni? Yorùbá kì í jẹ́ kí ebi pa àlejò.” Òótọ́ ni. Àmàlà àti omi tí gbogbo ìgbìmọ̀ fojú rí kò ba nǹkan jẹ́. Owó inú àpò ìwé tí alága nìkan mọ̀ ni à ń sọ. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí ìwé owó kò bá bá owó tó wà ní báńkì mu, báwo ni ẹni tí akápò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lówó yóò ṣe bá akápò wí?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ẹgbẹ́ yín ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, ẹ sì ń fún olùbẹ̀wò ní ₦15,000 nígbà mẹ́rin lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000, tàbí ₦1,500 lórí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ kí ni akọ̀wé kọ ọ́ sí? Bí ó bá jẹ́ “ìnáwó oríṣiríṣi,” akọ̀wé ti kọ́ bí a ṣe ń fi owó pa mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò fi tirẹ̀ pa mọ́ síbẹ̀.

Bí ìjọba bá tún wá san owó ìrìnàjò náà fún olùbẹ̀wò, ó ti gba owó ìrìn kan lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ọdún 2000 tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ sì ka owó tí a fi wá ojúrere òṣìṣẹ́ ìjọba sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fún un jẹ̀bi, ẹni tó gbà á náà jẹ̀bi.

5. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

(a) Ẹ bèèrè ìwé tí ọ́fíìsì fi rán olùbẹ̀wò wá.

(b) Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ àti aago tí ó dé, àti èyí tí ó lọ, sínú ìwé àlejò. Èyí jẹ́ ẹ̀rí fún olóòótọ́ tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ń tú àṣírí ẹni tó bá gba owó òru tí kò sùn.

(d) Kí ìpàdé gbogbogbòò fi iye kan sí owó oúnjẹ àlejò, kí rìsíìtì sì wà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó sọ́wọ́.

(e) Bí owó kò bá jẹ́ kí olùbẹ̀wò wá, kí ẹgbẹ́ márùn-ún tó súnmọ́ra bá ọ́fíìsì sọ ọ́, kí wọ́n lè kó ìwé wọn jọ sí ìlú kan. Ìrìn márùn-ún yóò di ẹyọ kan.

(ẹ) Kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí a kò tíì yẹ ìwé wọn wò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba, kí a sì béèrè pé kí owó ìbẹ̀wò wà nínú ètò ìnáwó ọdún. Ohùn ẹgbẹ́ kan kéré. Ohùn gbogbo wa kò kéré.

(f) Òfin kan náà ni fún àwa fúnra wa. Aṣojú tí a rán lọ sí ìpàdé àpapọ̀ gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì àti ìròyìn wálé, kí ó sì dá owó tó ṣẹ́ kù padà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èló ni ẹgbẹ́ wa ná lórí olùbẹ̀wò lọ́dún tó kọjá, abẹ́ kí ni a sì kọ ọ́ sí?
2. Ìgbà wo ni a yẹ ìwé wa wò kẹ́yìn?
3. Ṣé aṣojú wa tó lọ sí ìpàdé àpapọ̀ kẹ́yìn ti jíhìn?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ìpàdé. Ohun tí a jẹ ṣẹ́ kù ni a fi ń jẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ má jẹ́ kí owó ọ̀nà jẹ èyí tó ṣẹ́ kù.