Ọmọ Kékeré ní Ọgbà Ẹranko

Ìbéèrè: Ọmọ mi pé ọdún 3. Ṣé lílọ sí ọgbà ẹranko lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀yin àti ọmọ bá jọ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà kópa nínú rẹ̀, tó jáde ní 2018, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6 wò. Ohun tó bá iṣẹ́ ọpọlọ lórí èdè rìn jù ni bí àgbà àti ọmọ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ tí a rọ́ sí ọmọ létí. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má sáré ka orúkọ ẹranko lọ. Ẹ dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀nì. Bí ọmọ bá ní, "Ẹnu!", ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó lanu gbàgà! Kí lo rò pé ó fẹ́ jẹ?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kó ráyè wá èsì. Ìdákẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í ní sùúrù fún, ó sì ṣe pàtàkì gan-an.

Ẹlòmíràn á ní fídíò orí fóònù ti tó. Fídíò kò lè gbọ́ ohun tí ọmọ wí, ká má tíì sọ pé kó fèsì. Bí ẹ kò bá sì mọ orúkọ ẹranko kan, ẹ ṣàpèjúwe awọ rẹ̀, ìrù rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún ìyá àgbà.