Lẹ́tà sí Àjàní lórí Ọ́ìlì Ọkọ̀ Rẹ̀

Ìbàdàn

Àjàní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé o ti ra Corolla, tòkunbọ̀ ọdún 2005, àti pé láti Mọ́wè ni o ti ń wà á lọ síbi iṣẹ́ n'Íkẹjà lójoojúmọ́. Mo bá ọ yọ̀. Ẹ̀mí yóò lò ó. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ kan tó fi kún un: pé mẹkáníìkì rẹ ní bí ọkọ̀ bá ti rin 5,000 kí o wá yí ọ́ìlì, àti pé láti oṣù márùn-ún tí o ti rà á, kò tíì pé.

5,000 kí ni? Lọ wo aago dáṣíbọọ̀dù rẹ dáadáa. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 5,000 máìlì ju 8,000 kìlómítà lọ. Kìlómítà ni mẹkáníìkì ní lọ́kàn, èyí tí kò ju nǹkan bí 3,100 lọ lójú aago tìrẹ. Ó ti lé tipẹ́, Àjàní.

Síbẹ̀, ojú ọ̀nà tí o ń gbà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí gó-sílò bá dì ní Bẹ́gà, o lè lo wákàtí kan kí o má rin ju máìlì méjì lọ. Aago kò ka wákàtí yẹn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò sinmi. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ń gbóná, èéfín ń kóra jọ sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Fi eruku ọyẹ́ kún un. Ìwé Toyota gan-an ya ọkọ̀ tó ń dúró láìpa ẹ́ńjìnnì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń sá geere. Nítorí náà, oṣù ni kí o máa kà: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí 3,000 lójú aago rẹ, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Má fi àwọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ọ́ìlì máa ń dúdú nítorí pé ó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Wọn yóò fẹ́ ta 20W-50 fún ọ, wọn yóò ní ọkọ̀ ti dàgbà, ọ́ìlì tó ki ló yẹ ẹ́. Ní ti Peugeot 504 mi àtijọ́, n kò ní jiyàn. Tìrẹ yàtọ̀: 5W-30 ni wọ́n kọ fún un. Ẹ̀rọ VVT-i tí o rí orúkọ rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì yẹn, ọ́ìlì ló ń tì í ṣiṣẹ́, ihò tí ọ́ìlì ń gbà sì tín-ín-rín.

Níbi tí wọ́n bá ti ń yí i, dúró tì wọ́n. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ń yí ọ́ìlì 504 mi, èmi ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi. Kò fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ le dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo ń lọ sí Ifẹ̀, bí mo ṣe kọjá Àṣejìrẹ́ ni iná pupa tàn, èyí tí wọ́n yà bíi kẹ́tù kékeré tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí n ṣáà dé Ìkirè ná, mo tilẹ̀ ti ń ro dòdò tí n óò rà. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì kí n tó débẹ̀. Ọmọ yẹn ṣe àṣìṣe, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo rí iná tí n kò dúró. Bí iná yẹn bá tàn nígbà tí o ń lọ, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí o pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí pé ó kù díẹ̀ kí n délé.

Bí wọ́n ṣe ń yí i kò le. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Kí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má gbóná débi tí yóò bó èèyàn lọ́wọ́. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì, kí ọ́ìlì kán títí yóò fi tán, kí wọ́n fi wọ́ṣà tuntun sí i. Fílítà tuntun pẹ̀lú, ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n fi ọ́ìlì pa rọ́bà etí rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ lásán fún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe wà níbí: kẹ́ẹ̀gì jẹ́ lítà 4, ẹ́ńjìnnì rẹ kò sì gbà ju nǹkan bí 3.7 lọ, pẹ̀lú fílítà. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sí i, wọ́n á ní owó rẹ ni. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù, kírankí á máa pò ó, á máa hó bí ọṣẹ. Jẹ́ kí wọ́n dá díẹ̀ dúró, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n pa á, kí ẹ dúró díẹ̀, kí o fúnra rẹ fa gééjì yọ, nù ún, tì í padà, kí o tún fà á yọ. Èyí tó ṣẹ́kù wúlò, nítorí ẹ́ńjìnnì irú èyí tó ti dàgbà máa ń mu ọ́ìlì. Máa wo gééjì ní àràárọ̀ Sátidé kí o tó sítáàtì.

Bí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, fi ọ̀bẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Inú irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń rọ kọ́ńdẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, tí wọ́n ti sẹ́ sí, tí wọn yóò tún tà á bí tuntun. Kọ́ńdẹ̀mù tìrẹ, má jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà.

Mo gbọ́ pé ò ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Ra fílítà bọ̀ láti ọjà Ládípọ̀, èmi yóò ra ọ́ìlì. Sípánà 14 mi ṣì wà, a ó ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò kí oòrùn tó mú. Wọ aṣọ tí kò ní dùn ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ