Ẹ̀kọ́ Kẹẹ̀dógún: Ẹ̀gbọ́n Kò Pàtẹ́wọ́

Kí a tó kàwé: Ǹjẹ́ o ti wo eré orí ìtàgé rí? Ní ọ̀sán gangan, ibo ni òjìji rẹ máa ń wà?

Táíwò àti Kẹ́hìndé ń gbé ní Fidjrossè, ní ìlú Kútọnu. Ilé wọn kò jìnnà sí etí òkun. Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n, àwọn ìbejì máa ń gbọ́ ohùn wọn láti àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ eré orí ìtàgé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà, Ẹ̀gbọ́n lọ wo eré kan. Nígbà tó dé, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí zemidjan, ó kí Màmá Àgbà, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

Táíwò béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eré náà kò dùn ni?"

"Ó dùn. Nígbà tó parí, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò lè pàtẹ́wọ́."

"Kí ló dé?"

"Inú ń bí mi. Ẹ jókòó, ẹ ó gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Eré náà dá lórí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n bí ní Ítálì ní ọdún 1564. Bertolt Brecht, ará Jámánì, ló kọ ọ́. Ọdún 1943 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé. Láyé Galileo, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ayé dúró sójú kan, pé oòrùn ló ń yí i ká. Galileo ní ayé ló ń yí. Ó gbé ọmọdé kan tó ń jẹ́ Andrea sórí àga láti fi hàn án. Kẹ́hìndé, wá jókòó sórí àpótí yìí."

Ó gbé fìtílà sílẹ̀. "Oòrùn nìyí. Ibo ló wà?"

"Iwájú mi," ni Kẹ́hìndé wí.

Ẹ̀gbọ́n yí àpótí náà padà pẹ̀lú Kẹ́hìndé lórí rẹ̀. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi."

"Ṣé fìtílà ló rìn?"

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Rárá o! Èmi lẹ yí."

"Ó dára. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn, tí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí ó sì ń ṣú. Ní ọdún 1609, Galileo ṣe awò kan tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Ní ọdún 1610, ó fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká. Ó wá mọ̀ pé kì í ṣe ayé ni ohun gbogbo ń yí ká. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1633, àwọn aláṣẹ ìjọ pè é lẹ́jọ́ ní Róòmù. Wọ́n ní kó sẹ́ ohun tó mọ̀. Bí kò bá sẹ́ ẹ, ìyà ń bẹ níwájú rẹ̀.

"Lórí ìtàgé, a kò rí Galileo níwájú adájọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ là ń wò, tí wọ́n ń dúró dè é. Bí ó bá sẹ́, agogo ńlá yóò dún. Àkókò kọjá, agogo kò dún. Inú wọn dùn, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Àfi gbàgàgà! Agogo dún."

Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀. "Agogo yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo pé, 'Bàbá, ẹ má sẹ́ ẹ!' Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí."

Kẹ́hìndé tẹrí ba. Ó ní, "Èmi náà ti sẹ́ ohun tí mo rí. Lánàá, mo sọ ní kíláàsì pé, lọ́sàn-án, òjìji òpó àsíá wa ń bọ́ sí ìhà òkun. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní, a kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe ìhà òkun ló ń bọ́ sí. Mo bá ní mo ṣì í."

Màmá Àgbà fà á mọ́ra. "Ẹ̀rù lè ba ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ti Galileo ju ogún ọdún lọ, Màmá. Wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú, síbẹ̀ ó kọ ìwé ńlá kan sí i níbẹ̀. Ọdún 1992 ni Póòpù John Paul Kejì gbà ní gbangba pé àwọn adájọ́ rẹ̀ ṣàṣìṣe."

Ní ọjọ́ Ajé, Kẹ́hìndé nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣì í lọ́jọ́sí. Mo rí òjìji náà."

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Òjò ti dá, oòrùn sì yọ. Lọ́sàn-án, wọ́n ri ọ̀pá tó gùn ní mítà kan mọ́lẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Òjìji rẹ̀ bọ́ sí ìhà òkun, ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Olùkọ́ ṣàlàyé pé, "Ìhà gúúsù wa ni òkun wà. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán wà ní ìhà àríwá wa, nítorí náà òjìji bọ́ sí gúúsù. Ní oṣù kìn-ín-ní, oòrùn ọ̀sán wà ní gúúsù, òjìji sì bọ́ sí àríwá. Òtítọ́ ni ohun tí a kọ nígbà yẹn. Òtítọ́ sì ni ohun tí Kẹ́hìndé rí."

Nígbà tí Kẹ́hìndé délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tuntun
*ìtàgé:* ibi gíga tí àwọn òṣèré ti ń ṣeré
*sẹ́:* láti sọ pé ohun tó rí bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀
*àríwá, gúúsù:* bí o bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, àríwá wà lọ́wọ́ òsì rẹ, gúúsù wà lọ́wọ́ ọ̀tún

Ìbéèrè
1. Kí ni Galileo rí ní ọdún 1610?
2. Kí ló dé tí Ẹ̀gbọ́n kò lè pàtẹ́wọ́ níbi eré?
3. Kí ló mú kí Kẹ́hìndé sọ pé òun ṣì í?
4. Bí ìwọ bá jẹ́ Galileo, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é: Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé ìwé. Ẹ wọn òjìji rẹ̀ lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ohun tí ẹ bá fi ojú yín rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀.