Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Dá Kàwé fún JAMB, Ẹ Ṣọ́ra fún Ìdáhùn Ẹ̀yìn Ìwé

Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, ọjà méjì ló máa ń yá. Ọ̀kan ni expo tí àwọn oníjìbìtì ń polówó lórí WhatsApp àti Telegram. Èkejì ni ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó kún ẹ̀gbẹ́ títì. Gbogbo ayé ló ń kìlọ̀ nípa expo, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fẹ́ jí ìwé wò rárá, tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ kàwé yege, ọjà kejì yẹn ló máa ń ṣì í lọ́nà, a kì í sì í sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò rówó lẹ́sìn san ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́sàn-án tí ẹ ń kàwé lóru, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìyá yín jókòó ti ọjà pẹ̀lú ìwé lórí itan.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn dá kàwé. Ọ̀pọ̀ ló gba ọ̀nà yìí dé yunifásítì. Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ẹni tí yóò wo ojú yín, tí yóò sì sọ pé, “Ibi yìí ò tíì yé ọ.” Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ fún ara yín, ara ẹni kì í sì í pẹ́ dá ara rẹ̀ láre.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ ṣí ìwé, ó ka ìbéèrè, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n to ìdáhùn sí: 1C, 2A, 3D. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, C ni, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.” Kò mọ̀ ọ́n. Ó rí i ni, ó sì dà bí ẹni pé òun mọ̀ ọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti ka ìbéèrè ọdún mẹ́wàá tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò kan. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn inú àwọn ìwé ẹ̀gbẹ́ títì wọ̀nyí ni kò tọ̀nà. Kì í ṣe JAMB ló tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá sáà ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ wọ́n.

Ẹ wo irú ìbéèrè yìí nínú Ìṣirò. Ìyá kan ra ẹrù ní ₦8,000, ó tà á ní ₦10,000. Èló nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? A: 20. B: 25. C: 80. D: 125. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Ẹni tó bá fi 10,000 pín in yóò rí 20, yóò sì bá a ní A, inú rẹ̀ á dùn, á tẹ̀ ẹ́. Ó ti kùnà nìyẹn. Owó tí a fi ra ọjà la fi ń pín èrè, kì í ṣe owó tí a tà á. 8,000 ló yẹ kó fi pín in, 25 ni yóò sì rí. Ẹ wá wo C àti D dáadáa: ẹni tó fi 10,000 pín 8,000 yóò bá 80, ẹni tó yí i padà yóò bá 125. Ẹni tó ṣètò ìbéèrè kì í kàn kọ nọ́ńbà síbẹ̀ lásán; ó ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín lè yẹ̀ sí, ó sì ti dúró dè yín níbẹ̀. Bí ẹ bá há B sórí, tí wọ́n wá sọ owó náà di ₦6,000 àti ₦9,000 lọ́jọ́ ìdánwò, kí ni B fẹ́ ṣe fún yín?

Nítorí náà, ẹ fi bébà bo ìdáhùn. Ẹ ṣe ìbéèrè náà lórí ìwé, kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti àṣìṣe nìkan. Kì í ṣe ìdáhùn lẹ máa kọ sínú rẹ̀ o, ìdí tí ẹ fi kùnà ni: “Owó tí ó tà á ni mo fi pín in.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ìbéèrè náà ṣe láìwo ohunkóhun. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé, ẹ má yára gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣì í; ẹ lọ wò ó nínú ojúlówó ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó rà fún ìdánwò yìí, mo gbà pé ìwé àṣìṣe yẹn ló níye lórí jù, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Sílébọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí ìkànnì JAMB fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọn kò ṣí i rí títí wọ́n fi wọ yàrá ìdánwò. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà ń bèèrè. Ẹni tó fẹ́ di dókítà tí kò mú Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, máàkì tó ga kò lè gbà á. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń yàn fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà a máa yí padà. The Life Changer ti Khadija Abubakar Jalli ni wọ́n lò fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tó di 2025, The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ló rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó ra ìwé ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo ti ọdún yín.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 120 sì ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti di ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì A, B, C, D dáhùn, kó tẹ N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Ẹ kò ní gbé ẹ̀rọ ìṣirò yín wọlé. Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà lẹ máa lò. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ yan ìbéèrè 40, ẹ fi fóònù ṣọ́ ìṣẹ́jú 26, kí ẹ dúró nígbà tó bá dún, ì báà jẹ́ pé ó ku mẹ́wàá.

Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ kan pé kíkàwé kò wúlò mọ́, pé kọ̀ǹpútà ló ń já ènìyàn. Òótọ́ ni pé ní 2025, JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ní ibùdó 157, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ tó lé ní 379,000 tún ìdánwò ṣe. Ọ̀ràn tó dunni gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ lọ kówó fún oní-expo. Bí ìbéèrè ṣe tò lójú kọ̀ǹpútà yín kọ́ ló ṣe tò lójú ti ẹni tó jókòó tì yín, òfin tó de jìbìtì ìdánwò sì ti wà láti 1999. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp ní nọ́ńbà NIN yín.

Ẹ̀yin òbí, owó tí ẹ fẹ́ kó fún ọkùnrin tó ní òun mọ ẹnìkan ní ibùdó ìdánwò, ẹ fi ra ojúlówó ìwé ẹ̀kọ́ méjì fún ọmọ náà. Kẹ́ ẹ sì fún un ní wákàtí méjì lálẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́, kí fóònù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín títí yóò fi ṣe tán.